Dáódù: Ìtàn Ìgbésí-ayé Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí yóò ka ìwé ìrántí ayẹyẹ yìí, nítorí bóyá ni òbí kan wà tí kò tíì pa á rí nígbà tí ó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ kiri. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú òwe náà tí a kì í sábà dúró yẹ̀ wò. Ta ni à ń pè ní ọmọ tí a kọ́? Ṣé èyí tí ó mọ ìwé dáadáa tí ó sì yege nínú ìdánwò nìkan ni? Àbí èyí tí ó lè dìde láàárín àwùjọ kí ó sọ òtítọ́, kí ó fetí sí tẹnu ẹlòmíràn, kí ó sì ṣe olórí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láìfi ipá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀?

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ó fi ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún dáhùn ìbéèrè yìí, tí ó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáhùn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ẹni náà ni Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, tí gbogbo ilé-ìwé mọ̀ sí Dáódù. Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí mọ orúkọ Kuti nítorí orin Fẹlá. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n nítorí ìjà tí ìyá Fẹlá jà fún àwọn obìnrin Abẹ́òkúta. Èyí tọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òkìkí ọmọ àti ti ìyá tó kàn, olùkọ́ kan ti wà nínú ilé náà, tí ó ń jí lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀, tí ó ń fi dùùrù kọrin ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì gbàgbọ́ pé ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn tí agogo kíláàsì bá ti lù kò kéré sí ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó jókòó níwájú pátákó. Ní ọdún tí ilé-ìwé tiwa ń ṣe ayẹyẹ, ó dára kí á ka ìtàn rẹ̀ pa pọ̀.

Ọmọ Àlùfáà, Akẹ́kọ̀ọ́ Àkọ́kọ́

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1891 ni a bí i ní Abẹ́òkúta. Bàbá rẹ̀ ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọ̀kan nínú àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó fi orin mú ìyìn rere wọ inú àwọn abúlé Ẹ̀gbá. Bàbá náà mọ̀ pé ẹni tí kò ní í dúró gbọ́ ìwàásù lè dúró gbọ́ orin, nítorí náà ó fi ohùn Yorùbá kọ orin ìyìn, ó sì ń tẹ dùùrù sí i. Ní ọdún 1922, nígbà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, a gba ohùn rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, orin tí ó sì kọ lé ní ogójì. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìtàn orin fi ń ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ohùn wọn wọ inú àwo. Láti inú ilé bẹ́ẹ̀ ni Israel ti jáde: ilé tí a ti ń gbàdúrà, tí a ti ń kọrin, tí ọmọ kò sì lè sá fún ìwé.

Ó kọ́kọ́ lọ sí ilé-ìwé abúlé ní Suren. Lẹ́yìn èyí ó lọ sí Èkó, sí Ilé-ìwé Gírámà ti ìjọ C.M.S., èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1859, tí ó sì jẹ́ àgbà gbogbo ilé-ìwé gírámà ní orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1908, àwọn Kristẹni Ẹ̀gbá pinnu pé kò yẹ kí gbogbo ọmọ tí ó bá fẹ́ ìwé gíga máa kó ẹrù lọ sí Èkó. Ìjọba Ẹ̀gbá ṣì wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ nígbà náà. Àdéhùn tí ó mú un wọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pátápátá kò tíì dé títí di 1914. Ní àárín àkókò òmìnira yìí ni wọ́n ṣí Ilé-ìwé Gírámà Abẹ́òkúta. Nígbà tí a sì ṣí ìwé orúkọ, orúkọ tí a kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni ti Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti.

Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò díẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé orúkọ kò ní àgbà akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò fi ọ̀nà hàn án. Kò sí orin ilé-ìwé tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀, kò sí ìtàn ìdíje bọ́ọ̀lù tí a borí, kò sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde tí yóò pè é ní ọmọ wa. Ohunkóhun tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣe ni yóò di àṣà fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Irú ipò yìí kì í ṣe tuntun nínú ìtàn ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1827, nígbà tí a dá Fourah Bay College sílẹ̀ ní Freetown, orúkọ Samuel Àjàyí Crowther ni ó ṣáájú nínú ìwé orúkọ ibẹ̀. Kólẹ́ẹ̀jì yìí kan náà ni Ransome-Kuti lọ ní ọdún 1913. Fourah Bay wà lábẹ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, oyè B.A. ti Durham ni ó sì gbà ní ọdún 1916. Ó padà sí Èkó, ó sì ṣe olùkọ́ ní Ilé-ìwé Gírámà C.M.S. tí òun fúnra rẹ̀ ti jókòó sí gẹ́gẹ́ bí ọmọ kékeré.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde

Kò pẹ́ lọ títí ní Èkó tí wọ́n fi ní kí ó wá ṣe ọ̀gá Ilé-ìwé Gírámà Ìjẹ̀bú-Òde. Ilé-ìwé náà ṣì kéré nígbà náà. Ọdún 1913 ni a dá a sílẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ni ó lò níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tí ó dé, ṣùgbọ́n ó ti mọ irú ilé-ìwé tí ó fẹ́.

Ní àkókò náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń wá lọ́dọ̀ ilé-ìwé gírámà kò ju pé kí ọmọ mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, kí ó mọ ìṣirò, kí ó sì rí iṣẹ́ akọ̀wé ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí ní ilé ìtajà àwọn òyìnbó. Kò sí ẹni tí ó lè bá wọn wí, nítorí iṣẹ́ akọ̀wé ni ó ń mú owó oṣù wálé. Bí a bá wá sọ fún irú òbí bẹ́ẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ ń lọ dá iná nínú igbó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí pé ó ń kọ́ bí a ṣe ń ta okùn, yóò béèrè bóyá tìtorí èyí ni òun ṣe ń sanwó. Síbẹ̀, Ransome-Kuti mú ẹgbẹ́ Boy Scout wá sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Baden-Powell ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1907, ọdún 1915 ni ó sì dé Nàìjíríà. Ìlànà rẹ̀ rọrùn. A ó pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ kéékèèké, a ó sì fi ọ̀kan nínú wọn ṣe olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá a wá di ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lábẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá pa wọ́n nínú àgọ́, òun ni wọn yóò wò lójú. Bí ẹnìkan bá fi ẹsẹ̀ gbá gbòǹgbò tí ó ṣèṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń di ọgbẹ́ kí wọ́n tó gbé e délé. Bí wọ́n bá sì ṣìnà, ìjà kò lè yanjú rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi orí ko orí. Kò sí ìwé kan tí a lè há sórí tí yóò kọ́ ọmọ ní gbogbo èyí. Ransome-Kuti mọ̀ pé orílẹ̀-èdè tí ń bọ̀ kò ní í wá akọ̀wé nìkan. Yóò wá ẹni tí ó lè darí ènìyàn, tí ó sì ti kọ́ bí a ṣe ń darí nígbà tí àṣìṣe rẹ̀ kò tíì lè ba ìlú jẹ́.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1925 ni ó gbé Frances Fúnmiláyọ̀ Thomas níyàwó. Ọmọ Ilé-ìwé Gírámà Abẹ́òkúta ni ìyàwó náà pẹ̀lú. Nígbà tí ilé-ìwé ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọbìnrin ní ọdún 1914, ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé, ó sì lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà. Nígbà tí ó dé Ìjẹ̀bú-Òde, kò jókòó lásán gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé. Ó kó àwọn obìnrin jọ sí ẹgbẹ́, ó sì dá kíláàsì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn kò tíì tó lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin tí ó yè fún wọn: Dolúpọ̀, Olíkóyè, Fẹlá àti Bẹ́kọ̀lọ́lárí.

Ẹ̀rè Olùkọ́

Iṣẹ́ mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó wá kárí gbogbo Nàìjíríà. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ọ rí pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni lẹ́nu ẹni tí ó fẹ́ràn olùkọ́. Lẹ́nu ẹni tí ó yẹ kí ó sanwó fún un, àwáwí ni. Owó tí àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ ń gbà nígbà náà kò tó èyí tí ẹgbẹ́ wọn ń gbà lábẹ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ransome-Kuti jẹ́ àlùfáà, kò sì sẹ́ èrè ọ̀run. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ebi kì í jẹ́ kí olùkọ́ lè kọ́ ọmọ dáadáa, àti pé olùkọ́ tí a kò bu ọlá fún kò lè kọ́ ọmọ ní iyì.

Ní ọdún 1926 ó kó àwọn ọ̀gá ilé-ìwé Ìjẹ̀bú jọ sí ẹgbẹ́ kan. Àwọn olùkọ́ Èkó ti dá tiwọn sílẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà káàkiri tó di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 1931, wọ́n pàdé ní Èkó, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí N.U.T. títí di òní. Ransome-Kuti ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́, òun ni ó sì wà ní ipò náà títí di ọdún 1954.

Kí á má ṣe rò pé iṣẹ́ tí ó rọrùn ni. Ní ọdún 1931, ohun tí ó lè pa olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà, ti Mẹ́tọ́díìsì, ti Onítẹ̀bọmi àti ti Kátólíìkì pọ̀ sínú yàrá kan kò pọ̀. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ilé-ìwé tirẹ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn dìje fún ọmọ. Ohun tí ó lè mú ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Íbò àti ọmọ Kàlàbá máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ olùkọ́ ṣe é. Ní ọdún 1943, E. E. Esua, tí ó ti dá ẹgbẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní Kàlàbá, di akọ̀wé àgbà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ti ẹgbẹ́ lọ, òun àti Ransome-Kuti sì jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kí àwọn olóṣèlú tó máa jókòó sórí tábìlì kan láti jíròrò Nàìjíríà, àwọn olùkọ́ ti ń jókòó bẹ́ẹ̀.

Dáódù Padà sí Abẹ́òkúta

Ní ọdún 1932, Ilé-ìwé Gírámà Abẹ́òkúta pe ọmọ rẹ̀ padà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé orúkọ wá di ọ̀gá pátápátá. Ọdún méjìlélógún ni ó lò níbẹ̀, àsìkò yìí ni orúkọ Dáódù sì mọ́ ọn lára. Bí ó ti yẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, aya rẹ̀ náà ní orúkọ tirẹ̀: Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀gá tí ó fẹ́ràn eré àti orin yóò gbọ̀jẹ̀gẹ́ yóò ṣìṣe. Pàṣán wà lọ́wọ́ Dáódù, kò sì wà fún ẹ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ní ilé-ìwé rẹ̀, wọn kò sì rí ojúsàájú gbà. Fẹlá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ẹgba ilé bàbá òun kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Lóde òní, ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní í gbà kí a na ọmọ tó bẹ́ẹ̀, a sì ní ẹ̀tọ́ láti wí bẹ́ẹ̀. Kò sí èrè nínú kí á sọ òkú di áńgẹ́lì. Dáódù jẹ́ ènìyàn ìgbà rẹ̀, ìgbà náà sì le.

Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ọ̀gá ìgbà rẹ̀ ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kí pàṣán tó sọ̀ kalẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀, tí ó sì lo ìgbà díẹ̀ ní ilé-ìwé náà kí ó tó lọ sí Government College ní Ìbàdàn, ròyìn rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Aké. Ọmọ tí ẹ̀sùn bá kàn kò ní í kàn dọ̀bálẹ̀ kí ó gba ẹgba. Dáódù yóò jókòó bí adájọ́, ọmọ yóò sì rojọ́ ara rẹ̀. Bí àlàyé rẹ̀ bá mọ́gbọ́n wá, tí ó sì gbé e kalẹ̀ bí ọmọlúàbí, ọ̀gá lè dá a láre tàbí kí ó dín ìyà rẹ̀ kù. Bí ó bá sì jẹ́ pé irọ́ ni ó ń pa, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jókòó tì í yóò mọ̀ kí ọ̀gá tó mọ̀.

Àwọn kan lè rí èyí gẹ́gẹ́ bí àpárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí ọmọdé kì í ti í bá àgbà jiyàn, tí ìjọba tí ó wà lórí gbogbo wa pẹ̀lú kò fẹ́ kí á béèrè ọ̀rọ̀, àgbà ọkùnrin yìí, tí ó jẹ́ àlùfáà, tí ó tún jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, kọ́ àwọn ọmọ pé ẹni tí ó ní agbára gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ẹni tí kò ní kí ó tó dájọ́. Ó tún kọ́ wọn pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ èyí ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá kò ní í gbọ̀n nígbà tí ó bá dúró níwájú adájọ́ tàbí níwájú gómìnà. Inú kan náà kò dùn sí àwọn ilé-ìwé tí a ti ń kọ́ ọmọ dúdú láti máa tẹrí ba fún òyìnbó ju bí ó ti yẹ lọ. Ìbẹ̀rù lójú rẹ̀ yàtọ̀ sí ìwà rere.

Láti inú ilé kan náà ni ìjà àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti jáde. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó mọ̀wé ni Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ kó jọ. Lẹ́yìn náà ó ṣí i sílẹ̀ fún àwọn ìyá ọlọ́jà, ó ń kọ́ wọn ní ìwé, ó sì ń gbọ́ ẹ̀dùn wọn nípa owó orí. Nígbà tí àwọn obìnrin tú jáde ní 1947, tí Aláké sì fi ààfin sílẹ̀ fún ìgbà kan ní oṣù kìíní ọdún 1949, kì í ṣe gbogbo ọkọ ní ìlú náà ni ìbá jẹ́ kí aya òun wà níwájú. Dáódù kò dá aya rẹ̀ dúró. Ọkùnrin tí ó jẹ́ kí ọmọdé rojọ́ níwájú rẹ̀ kò lè ní kí aya òun pa ẹnu mọ́.

Yunifásítì fún Ilẹ̀ Wa

Ní ọdún 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Walter Elliot láti wo bí ẹ̀kọ́ gíga yóò ṣe rí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ Áfíríkà mẹ́ta péré ni ó wà nínú rẹ̀: Korsah láti Gold Coast, Taylor-Cummings láti Sierra Leone, àti Ransome-Kuti láti Nàìjíríà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ parí iṣẹ́ ní 1945, ọ̀rọ̀ wọn pín sí méjì. Àwọn tí ó kéré ní iye ní kí a dá yunifásítì kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo agbègbè náà, kí ó sì wà ní Ìbàdàn. Àwọn tí ó pọ̀jù, tí àwọn ọmọ Áfíríkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára wọn, ní kí ẹ̀kọ́ yunifásítì wà ní Nàìjíríà, ní Gold Coast àti ní Sierra Leone.

Ransome-Kuti ìbá lè gbà pẹ̀lú ìrọ̀rùn pé kí ọ̀kan ṣoṣo wà, nítorí ilẹ̀ tirẹ̀ ni yóò jèrè. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Freetown kò gbàgbé Freetown. Ní ọdún 1948, kólẹ́ẹ̀jì yunifásítì ṣí ní Ìbàdàn, òmíràn sì ṣí ní Gold Coast ní ọdún kan náà. Láti ìgbà náà, ọmọ ilẹ̀ wa tí ó bá fẹ́ gba oyè kò ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi bí Dáódù ti ṣe ní 1913.

Ó fi iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé sílẹ̀ ní 1954. Ìsinmi náà kò gùn. Àìsàn ti wọlé sí i lára, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1955 ó sì lọ bá àwọn baba rẹ̀, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Kò dúró rí òmìnira Nàìjíríà. Kò rí Olíkóyè kí ó di mínísítà fún ètò ìlera, tí ó sì gbé ìtọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké dé àwọn ìgbèríko. Kò rí Bẹ́kọ̀ kí ó di oníṣègùn tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Kò sì gbọ́ orin tí Fẹlá fi bá àwọn alágbára wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí ó sì mọ ilé-ìwé tí wọ́n ti jáde, yóò mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ láti máa béèrè ọ̀rọ̀.

Ohun Tí Ó Kù fún Wa

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀kan nínú àwọn ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ́ Kuti Hall títí di òní. Ìdí-Àbà, ní ẹ̀yìn ìlú Abẹ́òkúta, ni Ilé-ìwé Gírámà náà wà báyìí. Ìjọba ti gbà á lọ́wọ́ ìjọ bí ó ti gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọ ní àwọn ọdún 1970, ó sì ti di ilé-ìwé gbogbo ènìyàn. Èyí kò mú ìtàn rẹ̀ dópin. Ohun tí ń sọ ilé-ìwé di ohun tí ó jẹ́ kò sí lára ọwọ́ tí ó ń san owó oṣù nìkan. Ó wà lára bí a ṣe ń lo wákàtí tí ó wà láàárín agogo ìparí kíláàsì àti oúnjẹ alẹ́.

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, wákàtí yìí ni ó ń bọ́ lọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ̀kọ́ àfikún ti gba ìrọ̀lẹ́, ìbẹ̀rù ìdánwò ti gba ọjọ́ Sátidé. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ àríyànjiyàn tàbí ẹgbẹ́ Scout, a ó béèrè máàkì mélòó ni yóò fi kún ìwé rẹ̀. Dáódù kò kórìíra ìdánwò. Òun fúnra rẹ̀ yege nínú èyí tí ó le jù ní ìgbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbà pé ọmọ tí ó yege tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀, tí kò sì lè bá ẹnìkejì gbé ẹrù ni ọmọ tí a kọ́. Bí a bá mú ìrọ̀lẹ́ kan padà fún ọmọ, kí ó fi kọrin, kí ó fi bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jíròrò, kí ó fi kọ́ bí a ṣe ń fìdí rẹmi nínú eré láìbínú, a kò pàdánù ohunkóhun. Nígbà tí ó bá sì ṣẹ̀, kí á gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí á tó dájọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde, ẹ̀yin ni ẹ ń mú orúkọ ilé-ìwé yìí rìn káàkiri ayé. Bí ẹ bá ń ronú ẹ̀bùn tí ẹ ó fún un ní ọdún ayẹyẹ yìí, kíláàsì tuntun dára, kọ̀ǹpútà sì wúlò. Ẹ má ṣe gbàgbé dùùrù, bọ́ọ̀lù, àgọ́ àti ìlù. Ẹ sì rántí àwọn olùkọ́ yín, pàápàá àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì, kí èrè wọn má ṣe wà ní ọ̀run nìkan.

Ibì kan wà nínú ilé-ìwé wa lónìí tí ọmọ kan jókòó sí, tí yóò jẹ́ orúkọ àkọ́kọ́ nínú ohun tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. A kò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ èyí tí ó ń béèrè ọ̀rọ̀ jù ní kíláàsì. Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù láti gbọ́ ọ, kí Ó sì fún un ní ọgbọ́n láti sọ ọ́ dáadáa. Àmín.